Ibo ni eré ọkọ̀ ń lọ tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì? Ọ̀rọ̀ fláíwíìlì àti agbára tó ń ṣòfò

Ẹ fojú inú wo bọ́ọ̀sì kan tó wọn tọ́ọ̀nù 12 pẹ̀lú èrò inú rẹ̀, tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Awakọ̀ rí ibùdókọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó tẹ bíréèkì. Páàdì fún díìsì irin mọ́ra lọ́tùn-ún lósì, eré ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí èèyàn tó ka ení dé ẹ̀wá, bọ́ọ̀sì ti dúró. Eré tó ń sá lẹ́ẹ̀kan dà? Ó ti di ooru. Tí a bá ṣírò rẹ̀, ó tó kílójúùlù 1,150, ìyẹn ni pé ó tó láti mú omi lítà mẹ́ta hó láti orí omi tútù. Èrò wọlé, èrò bọ́ sílẹ̀, bọ́ọ̀sì gbéra, ó tún jó epo kó lè padà sórí eré àkọ́kọ́. Ibùdókọ̀ mìíràn dé, omi lítà mẹ́ta mìíràn tún hó dànù. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Owó ni wọ́n fi ra epo, epo ni wọ́n fi ra eré, bíréèkì wá gba eré náà, ó fi sun irin, afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn jù lọ, bọ́ọ̀sì ìgboro, ọkọ̀ akódọ̀tí, rélùwéè tó ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀, àwọn gan-an ni wọ́n ń dúró jù, àwọn gan-an ni wọ́n sì ń ṣòfò jù.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń wá bíréèkì tó ń gba agbára padà: èyí tí kò ní sọ eré di ooru, tó máa kó o pamọ́ síbì kan kí ọkọ̀ lè tún un lò nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, bátìrì ló máa ń sọ sí i lọ́kàn, nítorí ohun tí ọkọ̀ oníná ń lò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tó ti wà lójú títì kí ọ̀pọ̀ wa tó dáyé, tí kò nílò kẹ́míkà kankan: àwo kan tó wúwo, tó ń pòòyì. Fláíwíìlì ni.

Ìjọba pàápàá ti ń fi òfin ta bíréèkì jí. Ní 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Euro 7. Tẹ́lẹ̀, ohun tó ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà ni irú òfin bẹ́ẹ̀ máa ń wọ̀n. Èyí ni àkọ́kọ́ tó máa wọn eruku tó ń bọ́ lára bíréèkì fúnra rẹ̀, ìyẹ̀fun irin àti páàdì tó kúnná débi pé ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Miligíráàmù 7 ní kìlómítà kan ni ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ kọjá, 3 péré ni wọ́n gbà fún ọkọ̀ tí bátìrì nìkan ń gbé, bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oṣù Kọkànlá 2026 fún irú ọkọ̀ kéékèèké tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọkọ̀ tó bá ń gba eré rẹ̀ padà kò ní fi páàdì ha díìsì tó bẹ́ẹ̀, eruku á sì dín kù. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ibi tí eré ń lọ ti kúrò ní ti epo nìkan, ó ti kan ohun tí à ń mí sínú.

Kí wá ni fláíwíìlì ń ṣe?

Ẹni tó bá ti dúró ti mẹkáníìkì nígbà tó ń sọ jíà kalẹ̀ ti rí ọ̀kan rí: àwo irin rọ̀gbọ̀dọ̀ tí eyín yí etí rẹ̀ ká, tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, tí kílọ́ọ̀ṣì ń fara tì. Iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ kéré. Ẹ́ńjìnnì kì í taari léraléra láìdánudúró, ó máa ń taari, á sinmi fìrí, á tún taari. Àwo yẹn ló ń fi ìwúwo rẹ̀ gbé e kọjá àkókò ìsinmi náà kó má baà máa jà gìrìgìrì. Èyí tí à ń sọ níbí jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: kò wà níbẹ̀ láti gbé ẹ́ńjìnnì kọjá fìrí kan, ó wà níbẹ̀ láti gba gbogbo eré ọkọ̀ sára, kó tọ́jú rẹ̀, kó sì dá a padà.

Ẹ rántí òkòtó tí ọmọdé ta sílẹ̀. Ìka ọmọ ló fún un lágbára lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ ó ń pòòyì ràn-ìn ràn-ìn lẹ́yìn tí ọmọ ti ká ọwọ́ kúrò. Agbára ìka ọmọ ló wà nínú òòyì yẹn. Fláíwíìlì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àyàfi pé ó tóbi, ó sì yára. Ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ìwúwo àti eré kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí a bá sọ ìwúwo rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Bí a bá sọ eré òòyì rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ lè wá rí ìdí tí àwọn tó ń ṣe é kò fi wá irin tó tóbi sí i mọ́, tí wọ́n ń wá èyí tó lè yára sí i láìfọ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti le ni bí a ṣe máa so ó mọ́ táyà. Ẹ wò ó: tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, táyà ń dín eré kù, ṣùgbọ́n fláíwíìlì tó ń gba eré náà gbọ́dọ̀ máa fi kún tirẹ̀. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, táyà á máa yára sí i, fláíwíìlì á máa rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ di ara wọn mú ní gbogbo àsìkò náà. Jíà lásán, oní-kíní oní-kejì, á kàn máa fà wọ́n ya mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni. Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbà yọ nínú rẹ̀. Àwọn kan lo jíà tí kò ní ìpele, tó lè yọ̀ láti kékeré sí ńlá láìjá, tàbí kí wọ́n to kílọ́ọ̀ṣì kéékèèké jọ láti ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Àwọn yòókù sọ eré di iná: mọ́tò iná tó wà lára táyà á di jẹnẹrétọ̀ nígbà bíréèkì, iná á gba wáyà lọ sára mọ́tò mìíràn tó ń yí fláíwíìlì. Ọ̀nà kejì yìí rọrùn láti tò sínú ọkọ̀, torí wáyà lè gba ibikíbi, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí agbára bá pààrọ̀ aṣọ, ó máa ń sọ díẹ̀ nù lójú ọ̀nà. Ọ̀nà àkọ́kọ́ kò pààrọ̀ aṣọ rárá. Eré ló wọlé, eré ló jáde. Ọkàn tèmi fà sí ìyẹn jù.

Bọ́ọ̀sì tí kò mu epo, tí kò ní wáyà lórí

Ilé iṣẹ́ Oerlikon ní Switzerland ló kọ́kọ́ fi fláíwíìlì gbé èrò ìgboro ní tòótọ́. Wọ́n pe ọkọ̀ náà ní Gyrobus, ìlú Yverdon sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1953. Ìlú náà fẹ́ bọ́ọ̀sì oníná, àmọ́ èrò ọ̀nà náà kò pọ̀ tó èyí tí wọ́n á tìtorí rẹ̀ ta wáyà sójú títì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Oerlikon wá fi àwo irin kan tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ sábẹ́ bọ́ọ̀sì, tó fẹ̀ tó mítà 1.6, tó ń pòòyì ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n dé e mọ́ inú àpótí irin, wọ́n sì fi gáàsì háídírójìn kún un dípò afẹ́fẹ́, nítorí háídírójìn fúyẹ́ gan-an, kì í sì í di àwo tó ń yí lọ́wọ́ tó bí afẹ́fẹ́.

Tí bọ́ọ̀sì bá dé ibùdókọ̀ tí wọ́n ti gbé òpó iná sí, apá mẹ́ta á na sókè láti orí rẹ̀, á fọwọ́ kan òpó náà, iná á wọlé, mọ́tò á máa yí àwo, ohùn rẹ̀ á máa ga sí i bó ṣe ń yára. Láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti yó. Apá á ká sílẹ̀, bọ́ọ̀sì á lọ. Mọ́tò tó ń yí àwo lẹ́ẹ̀kan á wá di jẹnẹrétọ̀, iná tó bá mú jáde ni táyà á fi máa yí. Nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà ló lè fi àjẹyó kan rìn, tí awakọ̀ bá sì tẹ bíréèkì lójú ọ̀nà, eré náà á padà sínú àwo. Ẹ ronú sí i, 1953!

Ìlú Léopoldville, tí à ń pè ní Kinshasa lónìí, ló ní èyí tó pọ̀ jù. Bọ́ọ̀sì 12 ni wọ́n kó síbẹ̀ láàárín 1955 sí 1959. Ibẹ̀ ni fláíwíìlì ti rí ojú ayé. Àwọn awakọ̀ máa ń yà kúrò lójú títì tó ní ọ̀dà láti gba ọ̀nà àbùjá, òjò á sì ti sọ ọ̀nà náà di ẹrẹ̀ àti kòtò. Tí ọkọ̀ lásán bá já sí kòtò, èrò inú rẹ̀ á mì, ó tán. Tí ọkọ̀ tó gbé tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ tó ń pòòyì bá já sí kòtò, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, torí ohun tó bá ń pòòyì kì í fẹ́ kí wọ́n yí ìdúró òun padà. Bí ọkọ̀ ṣe ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn, àwo ń kọ̀, gbogbo ìjà náà sì ń bọ́ sórí béárìnì tó gbé e dúró. Béárìnì ń fọ́. Ọ̀rinrin ojú ọjọ́ ń ba mọ́tò jẹ́. Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù náà gbìyànjú rẹ̀ láti 1956 sí 1959, ó fi í sílẹ̀, Yverdon sì dá a dúró ní 1960. Ọkọ̀ náà wúwo jù fún títì, iná tó ń mu pọ̀ ju ti bọ́ọ̀sì tó ń fa iná lára wáyà lọ, àwo náà sì ń jẹ agbára kódà nígbà tí bọ́ọ̀sì bá dúró jẹ́ẹ́.

Mo tẹnu mọ́ ìtàn yìí nítorí ó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ ọ́. Wọ́n á ní Gyrobus kùnà. Ohun tó kùnà ni béárìnì, irin àti ọ̀nà. Àwo náà gba agbára, ó sì dá a padà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ pé yóò ṣe.

Orí pápá eré ìje ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti tún gbé e dìde. Ní 2009, òfin Formula 1 gba ọkọ̀ láàyè láti máa gba eré bíréèkì padà, kílójúùlù 400 lórí ìyípo kan, kílówáàtì 60 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó túmọ̀ sí pé awakọ̀ lè lò ó fún ìṣẹ́jú àáyá tí kò pé méje. Ilé iṣẹ́ Flybrid ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe fláíwíìlì oníjíà tó ń pòòyì ju ìgbà 60,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, Williams ṣe èyí tó ń lo iná. Kò sí èyí tó sáré Formula 1 nínú méjèèjì, bátìrì ni àwọn tó lo ẹ̀rọ náà lọ́dún yẹn fi sáré. Àmọ́ ti Williams rí ilé sí ibòmíràn. Ní 2010, Porsche gbé e sínú 911 GT3 R Hybrid, níbi tí èrò ìbá jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ gan-an. Ọkọ̀ náà ló wà níwájú nínú ìje wákàtí 24 ti Nürburgring ní Jámánì, tó ku díẹ̀ kí eré parí kí ẹ́ńjìnnì tó dá a dúró. Fláíwíìlì kọ́ ló bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Audi dé. R18 e-tron quattro gba ife wákàtí 24 ti Le Mans ní Faransé ní 2012, ọkọ̀ alágbára méjì (tó ń lo ẹ́ńjìnnì àti iná pọ̀) àkọ́kọ́ tó máa gbà á nìyẹn, ó tún gbà á ní 2013 àti 2014. Fláíwíìlì Williams ló wà nínú rẹ̀ ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wo ohun tí Le Mans ń bi ẹ̀rọ: bíréèkì kíkankíkan, ìtari kíkankíkan, bíréèkì, ìtari, tọ̀sán-tòru, fún wákàtí 24. Bátìrì ìgbà yẹn kì í fẹ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kún un tí wọ́n sì gbọ́n ọn gbẹ ni nǹkan díẹ̀ ń kú nínú kẹ́míkà rẹ̀. Àwo tó ń pòòyì kò ní kẹ́míkà tó máa kú.

Ní 2016, Audi fi bátìrì rọ́pò rẹ̀.

Kílógíráàmù mẹ́fà

Kí n tó dé ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo fláíwíìlì kan dáadáa, èyí tí Volvo dán wò nínú ọkọ̀ S60 rẹ̀ láàárín 2011 sí 2013. Fọ́nrán kábọ̀n ni wọ́n fi ṣe é. Kílógíráàmù mẹ́fà ni ìwúwo rẹ̀, ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ọmọdé lè gbé e dání. Ìgbà 60,000 ló ń pòòyì láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Mo fi bírò ṣírò rẹ̀ lórí ìwé. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, etí àwo náà ń rin nǹkan bíi mítà 628. Ohùn kì í rìn tó 350 nínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, etí àwo náà ń sáré ní nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì eré ohùn, nínú àpótí kan tó wà nídìí táyà ẹ̀yìn. Èyí ló fà á tí wọ́n fi fa afẹ́fẹ́ inú àpótí náà jáde, torí bí afẹ́fẹ́ bá kù níbẹ̀, ìfarakínra nìkan á mú un gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Bí gíráàmù kan péré bá sì wà ní etí rẹ̀, ipá tó máa fi fẹ́ já kúrò níbẹ̀ á dà bíi ti ẹrù kílógíráàmù 400. Gíráàmù kan! Gbogbo fọ́nrán tó wà níbẹ̀ ló ń di ara wọn mú kí ìyẹn má ṣẹlẹ̀.

Agbára ńkọ́? Tí a bá gbà pé ìwúwo rẹ̀ tàn kálẹ̀ dọ́gba, agbára inú rẹ̀ tó kílójúùlù 590. Ọkọ̀ tó wúwo tó kílógíráàmù 1,500, tó ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, gbé kílójúùlù 580 rìn. Àwo kílógíráàmù mẹ́fà lè gbé eré odindi ọkọ̀ sára. Lóòótọ́, wọn kì í jẹ́ kó yí dé góńgó tàbí kó dúró pátápátá, ìyẹn ni kì í fi í gba gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí nọ́ńbà méjèèjì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo tún ìṣírò náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà. Volvo ní epo tí ọkọ̀ náà lè dín kù tó ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan.

Ìbẹ̀rù tó máa ń sọ sí èèyàn lọ́kàn ni pé tó bá fọ́ ńkọ́. Ìbéèrè tó dáa ni. Irin tó bá fọ́ lórí eré máa ń pín sí ègé ńláńlá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á sì fò bí ọta ìbọn, ìdí nìyẹn tí àpótí fláíwíìlì onírin fi máa ń wúwo ju fláíwíìlì fúnra rẹ̀ lọ. Fọ́nrán kábọ̀n máa ń tú ni, á di ìyẹ̀fun àti òwú, á fi ara ha inú àpótí títí agbára á fi tán nínú rẹ̀. Ooru á wà, ariwo á wà, àmọ́ àpótí lè gbà á mọ́ra. Bí a ṣe máa kọ́ àpótí yẹn, tí kò ní wúwo jù, tí kò ní wọ́n jù, ni ó gba owó àwọn tó ń ṣe é jù.

Bátìrì kọ́ ló dára jù ú

Kí ló wá dé tí S60 yẹn kò dé ọjà? Ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún èèyàn ni pé bátìrì dára jù ú lọ. Mo rò pé ìdáhùn yẹn ò tọ̀nà, ó sì ń jẹ́ kí àwọn èèyàn kọ̀ fláíwíìlì níbi tó ti yẹ.

Ẹ padà sí bọ́ọ̀sì wa. Kílójúùlù 1,150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 jẹ́ kílówáàtì 115. Tí a bá da á sínú bátìrì kékeré, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì láti ràn án lọ́wọ́, á há a lọ́fun. Bátìrì dà bí agbè: ó lè gba omi púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tóóró, ẹni tó bá yára bu omi sí i á rí i pé ó ń ṣàn sílẹ̀. Fláíwíìlì dà bí àwo ẹlẹ́nu gbàràmù: kò gba púpọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe wù kí wọ́n da á sí i tó, á gbà á. Láàárín bátìrì kékeré àti fláíwíìlì, fláíwíìlì ló yẹ kó jáwé olúborí nínú iṣẹ́ bíréèkì, tutù-tutù ojú ọjọ́ kì í sì í dí i lọ́wọ́ bó ṣe ń dí bátìrì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bátìrì kò dúró ní kékeré. Ní 2010, kílówáàtì-wákàtí kan bátìrì litíọ́mù ọkọ̀ lé ní 1,000 dọ́là. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 115. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ wá kó bátìrì rẹpẹtẹ sínú ọkọ̀, kì í ṣe nítorí bíréèkì, nítorí kí ọkọ̀ lè rìn jìnnà ni. Bí agbè sì ṣe ń tóbi ni ẹnu rẹ̀ ń fẹ̀. Kílówáàtì 115 tó ń há bátìrì kékeré lọ́fun kò jẹ́ nǹkan kan fún bátìrì ńlá tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀sì oníná. Gbígba eré padà wá di èrè orí ọjà tí wọ́n ti rà tẹ́lẹ̀: bátìrì wà ńlẹ̀, mọ́tò iná wà ńlẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi àwo pòòyì ṣe? Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníná, mo gbà pé kò sí àyè fún un mọ́. Torotrak, ilé iṣẹ́ tó ra Flybrid, kógbá sílé ní 2017.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dúró ló gbé bátìrì ńlá. Rélùwéè tó ń lo dísù kò gbé e. Katakata tó ń walẹ̀, tó ń gbé apá sókè tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìgbà àìmọye lóòjọ́, ọ̀pọ̀ wọn ò gbé e. Iṣẹ́ tí àwọn wọ̀nyí ń ṣe jọ ìje Le Mans ju ìrìn àjò lọ: agbára díẹ̀, ní kíákíá, léraléra, fún ọdún púpọ̀. Ibi tó bá ti rí báyẹn, ìbéèrè tó yẹ ká bi kì í ṣe iye agbára tí ẹ̀rọ lè gbé. Ẹ bi í ní iye ìgbà tó lè gbé e kó tó gbó. Bátìrì ń ka iye ìgbà yẹn ní ẹgbẹ̀rún díẹ̀. Fláíwíìlì tí béárìnì rẹ̀ dára ń kà á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún.

Ó sì ní àléébù tirẹ̀ tí kò ṣeé fi pamọ́. Kò mọ agbára tọ́jú pẹ́. Béárìnì ń jẹ díẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù ń jẹ díẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́ bá àwo tó ti dákẹ́. Ẹni tó bá ń wá ohun tó máa fi rin ìrìn ọ̀nà jíjìn, kó máa lọ sọ́dọ̀ bátìrì. Láàárín ibùdókọ̀ kan sí èkejì, ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ni fláíwíìlì nílò láti fi pa agbára mọ́, ìyẹn kò sì le fún un.

Ọ̀nà mìíràn wà tí mo rò pé ó mọ́gbọ́n dání jù gbogbo rẹ̀: kí fláíwíìlì má gun ọkọ̀ rárá. Rélùwéè oníná máa ń dá iná padà sórí irin ojú ọ̀nà tó bá ń dúró, àmọ́ bí kò bá sí rélùwéè mìíràn nítòsí tó ń gbéra lásìkò yẹn tó lè gbà á, iná náà á di ooru dànù bákan náà. Ní 2014, Los Angeles ní Amẹ́ríkà gbé fláíwíìlì kalẹ̀ sí ibùdó Westlake/MacArthur Park lórí ọ̀nà rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Àgbájọ náà lè gba tó mẹ́gáwáàtì méjì. Rélùwéè tó bá wọlé á da eré rẹ̀ sínú àwo, èyí tó bá ń jáde á bu nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó pa bọ́ọ̀sì Kinshasa ni kò sí níbẹ̀. Kò sí kòtò, kò sí ẹrẹ̀, ìwúwo kò jẹ́ nǹkan kan nítorí kò lọ síbì kan, béárìnì rẹ̀ ò sì ní ìjà tó ń jà ju òòyì tirẹ̀ lọ.

Èyí tó gun ọkọ̀ tí mo fẹ́ràn jù sì wà ní Stourbridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí ojú irin kan tí kò gùn ju kìlómítà 1.3 lọ. Láti 2009 ni rélùwéè kékeré tí wọ́n ń pè ní Class 139 ti ń kó èrò lọ kó èrò bọ̀ níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ jẹ́ ti Ford, lítà 2.3, tó ń mu gáàsì, irú èyí tó yẹ kó máa fa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kò lè dá rélùwéè gbé kúrò lójú kan pẹ̀lú gìrì. Àwo irin tó tó ìdajì tọ́ọ̀nù, tó fẹ̀ tó mítà kan, ló ń ṣe ìyẹn. Tí rélùwéè bá ń sún mọ́ ibùdó, eré rẹ̀ á wọ inú àwo. Tí èrò bá ń bọ́ sílẹ̀, tí àwọn mìíràn ń wọlé, ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn á máa fi ìrọ̀rùn fi kún òòyì rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá pa dé, àwo ló máa ta rélùwéè síwájú, ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti dé òdìkejì, ó ti ń kó eré rẹ̀ jọ padà.